Ìgò Tí Gbogbo Àgbà Yìn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì, 2025
Ìgò oògùn ojú tún ṣẹ́gun mi lálẹ́ àná. Tẹ ìdérí mọ́lẹ̀ kí o tó yí i — ta ló ro irú èyí fún ẹni tí oríkèé ìka rẹ̀ ti wú? Eyín ni mo fi ṣí i. Èmi, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, mò ń ha ìgò bí ajá tó rí egungun. Ó ṣí tán, oògùn dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kó mi nírìíra. Ojú ọ̀tún ti lọ. Dókítà ní bí òsì kò bá rí oògùn lálaalẹ́, òun náà á tẹ̀lé e.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì
Gómìnà pè láti Àbújá. Tinúkẹ́ ọmọ mi ni — ẹnikẹ́ni ò dìbò fún un, àmọ́ ó ń ṣèjọba. Ó ní bí n kò bá lè kán oògùn fúnra mi, òun ń bọ̀ wá gbé mi kúrò ní Kàbà. Kí n wá máa wo ògiri nínú yàrá kan? Ilé tí èmi àti bàbá rẹ̀ kọ́ nìyí. Igi ìhunṣọ ìyá mi ṣì dúró ní pálọ̀. N kò lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kejì
Wọ́n kéde ní ilé ìwòsàn pé àwọn tó ń ṣe oògùn ojú ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ti ṣe ìgò tuntun nítorí àwa arúgbó. Wọ́n fẹ́ wo bí a ó ṣe ṣí i kí wọ́n tó kó o jáde. Ó tó àkókò!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì
Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé, gbogbo àwa aláìsàn ojú. Wọ́n pín ọṣẹ àti iyọ̀. Wọ́n pín ìgò náà, omi ló wà nínú rẹ̀. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ dúró sẹ́yìn wa. Bí ọwọ́ àgbà kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀dọ́ á ti kúnlẹ̀ — ẹ mú un wá, Bàbá — ó ti ṣí. Àgbà á gbà á, á súre. Ìdùnnúolúwa, ọmọbìnrin tí ilé iṣẹ́ rán wá, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣí. Ọwọ́ ta ló ṣí i?

Ìdùnnúolúwa béèrè bóyá ó rọrùn láti ṣí. Alàgbà Boaz dìde — Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Ó kí wọn bí a ṣe ń kíni ní Kàbà, òkun o, ẹ̀yin ọmọ wa, ó ní ó rọrùn bí ẹni ń jẹ̀kọ, ẹ ò ní rí ibi. Àtẹ́wọ́. Ta ni yóò gba ẹ̀bùn àlejò tán kí ó tún bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀? Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Mo dìde. Mo ní kò ṣí lọ́wọ́ mi. Kí ọmọbìnrin náà tó fèsì, Virtue, olórí àwọn ọ̀dọ́, ti kúnlẹ̀, ó ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó ti ṣí i. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́! Ìtẹríba tí yóò fọ́ mi lójú, n kò fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kejì
Ẹlẹ́rìn-ín wá bá mi jà. Màmá Tinúkẹ́, ẹ dójú tì wá lójú àlejò. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo gbé ìgò tuntun náà lé e lọ́wọ́. Mo ní, ẹ ṣí i. Ó ń yí i, ó ń yí i. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu. N kò ràn án lọ́wọ́.

Ìgbà náà ló tó jẹ́wọ́: láti ìgbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń bá a ṣí i ti kó lọ sí Lọ́kọ́ja, kò kán oògùn mọ́. Ojú ń tì í láti máa pe aládùúgbò. Ojú ń tì í! Ojú kò sì tì í nígbà tó ń yin ìgò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó lọ láìdágbére.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kejì
Kùrukùru lójú òsì. Ó ti tó alẹ́ mẹ́rin tí ìgò kò ṣí fún mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kejì
Gómìnà dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti ń da omi gbígbóná sórí tábìlì, mo rò pé ife ni. Ó bú sẹ́kún, ó di ẹrù mi. Kí ni mo fẹ́ wí?

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kejì — Àbújá
Gift, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, ń kán oògùn fún mi. Ó ń wọlé dáadáa, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ ṣí omi. N kò gbọ́dọ̀ bó ọsàn. Ẹ mú un wá, Màmá. Ẹ mú un wá, Màmá. Ó sú mi dé eegun.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Alàgbà Boaz pè. Ó ti wá nọ́ńbà Ìdùnnúolúwa rí. Ó ní òun sọ fún un pé, ọmọ mi, irọ́ la pa fún ọ. Nítorí ká má bàa dójú tì yín ni, àmọ́ irọ́ ni. Alàgbà ìjọ, fún ọmọ kékeré! Ọmọbìnrin náà ní àwọn á tún wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀dọ́ kankan kò ní wọlé. Èmi ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ béèrè fún. Alàgbà sọ fún un pé wọ́n ti gbé mi lọ sí Àbújá.

Mo sọ fún Gómìnà pé mò ń lọ sílé. Ó ní, ojú ńkọ́, Màmá? Mo ní mo ti bẹ nọ́ọ̀sì kan ní Kàbà, òun ni yóò máa kán an títí ìgò gidi á fi dé. Ẹ̀bẹ̀ náà ń rí mi lára. Ó ṣì sàn ju ibí lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta
Mo ti di ẹrù; ọ̀la ni wọ́n ń gbé ìgò wá sí Kàbà. Irin síìpù báàgì yìí kéré, ìka mi kò rí i mú. Gift na ọwọ́. Mo gbá ọwọ́ náà dànù. Gèlè ni mo fi so báàgì náà pọ̀. Mọ́tò Kàbà ti dé.