Abẹ́rẹ́ Tí Mo Gún Ìyàwó Táyé

Òde Rẹ́mọ,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹsàn-án, 1984.

Adérónkẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Yábàá tí o wà yẹn? Báwo ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé, báwo sì ni ọ̀gá rẹ tó máa ń kígbe? Olúwa yóò fi ohùn tútù sí i lẹ́nu. O kò ní í rìn níjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ohun tí o bá sì dáwọ́ lé yóò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Bí o bá bèèrè wa, a wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, òjò rọ̀ dáadáa, obì sì so ju ti èṣí lọ. Mo ti ra gègé tuntun nítorí pé lẹ́tà yìí yóò gùn díẹ̀.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé wọ́n ti kọ́ mi ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Má rẹ́rìn-ín. O rántí Lìádì tó máa ń bá wa gun igi obì. Lọ́dún tó kọjá, oyin ta á lọ́rùn lóko. Kì í ṣe agbo oyin o, ẹyọ kan péré ni. Kí a tó gbé e dé ìdíkọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ti sú, ètè rẹ̀ ti wú, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Afọláyan onítakisí gbé e sáré lọ sí Ṣàgámù, ṣùgbọ́n Lìádì kú sí ẹ̀yìn mọ́tò náà kí wọ́n tó kan Ẹ̀pẹ́ tó wà lẹ́nu Ṣàgámù. Àwọn kan ní ọ̀tá ló rán oyin náà. Afọláyan kò bá wọn dá sí i. Ọjọ́ mẹ́jọ ni kò fi wa takisí, nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án ó lọ sí ọsibítù, ó ní òun wá bèèrè ohun tí òun ìbá ti ṣe.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ellen, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ló dá a lóhùn. Ó ní oògùn wà, bí ó bá sì tètè wọ ara, ènìyàn máa ń yè, ṣùgbọ́n inú ọsibítù ni oògùn máa ń jókòó sí, ojú ọ̀nà sì ni ẹni tí oyin ta máa ń kú sí. Afọláyan ní ṣé oògùn náà kò lè wọ takisí ni? Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Oṣù mẹ́fà ló fi ń kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé kí ó wá kọ́ wa. Àwa méjì ni wọ́n yàn, Afọláyan nítorí mọ́tò rẹ̀, èmi nítorí pé mo mọ ìwé kà, ilé wa sì kọjú sí ìdíkọ̀. Ọjọ́ tí a ó máa kẹ́kọ̀ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà, nítorí pé ìjọ Adífẹ́ńtì ni Nọ́ọ̀sì ń lọ, kì í kọ́ni ní Sátidé, àwa Mẹ́tọ́díìsì kò sì lè máa gún abẹ́rẹ́ ní Sọ́ńdè. A fẹnu kò sí Ọjọ́rú.

Wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ọjọ́ ìbí, mo kọ ọ́ pé ọdún Lúkúlúkú, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yẹn pa ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ìlà kejì ní kí n sọ bóyá akọ ni mí tàbí abo. Mo rò pé fọ́ọ̀mù ewúrẹ́ ni wọ́n ṣèèṣì fún mi, mo sì fi ọ̀wọ̀ dá a padà. Nọ́ọ̀sì ní ti ènìyàn ni. Mo wá kọ ọ́ pé ọkùnrin ni mí, mo ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán síbẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wa pé ara àwọn kan wà tó kọ oyin, ti ẹlòmíràn kọ ẹ̀pà tàbí edé, ti ẹlòmíràn kọ abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì. Mo ní ó yé mi, èèwọ̀ ni. Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀, àfi pé kò sí nínú oríkì ilé ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tó bá dé ni onítọ̀hún yóò mọ̀. Adirẹnalíìnì ni orúkọ oògùn náà. Ọjọ́rú méjì gbáko ni mo fi gbàdúrà fún Àlàájì Adirẹnalíìnì tó fi oògùn ta ìlú wa lọ́rẹ, kí Nọ́ọ̀sì tó sọ fún mi pé kì í ṣe ènìyàn. Inú ìgò tíńtín tí a ń ṣẹ́ lọ́rùn ló wà, kò fẹ́ rí oòrùn, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí yóò kú sí i lára. Ó yà mí lẹ́nu pé oògùn mọ ọjọ́ ikú rẹ̀, èmi tí mo ń lọ sí ìsìn láràárọ̀ kò mọ tèmi.

Ọsàn ni a fi kọ́ iṣẹ́. Mo bi Nọ́ọ̀sì pé kí ló ń ṣe ọsàn náà, ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é, èèpo rẹ̀ ló jọ awọ ènìyàn. Mo gún mẹ́tàdínlógójì. Ìyá rẹ mu mẹ́ta nínú wọn, ó ní òun kò tíì rí ọsàn tó lómi tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì dùn. Wọ́n tún fún wa ní nọ́ńbà tẹlifóònù ọsibítù. Ti pósí-ọ́fíìsì nìkan ló wà nítòsí, òjò sì ti gé wáyà rẹ̀ láti oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n mo ti há nọ́ńbà náà sórí, mo ń kà á sókè láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, kò sì tíì sí ẹni tó dáhùn. Nọ́ọ̀sì ní bí abẹ́rẹ́ kan kò bá ràn án, kí n dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó gún èkejì. Mo ní n kò ní aago. Ó bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n kà. Mo ní obì. Ó ní kí n ka ọ̀ọ́dúnrún.

Ó wá di Mọ́ńdè tó kọjá. Ojúọlá, ìyàwó Táyé bíríkìlà tí ilé wọn wà lẹ́yìn tiwa, jókòó sí ìta, ó ń bó obì. Oyin ta á lápá. Ìyá rẹ ló gbọ́ igbe. Nígbà tí mo máa dé ibẹ̀, ojú Ojúọlá ti wú pa, ohùn rẹ̀ ti ń lọ, ó ń họ ara kíkankíkan. Mo mọ̀ ọ́n. Bí Lìádì ṣe ṣe náà nìyẹn.

Mo sáré mú àpótí oògùn tí Nọ́ọ̀sì fún wa dé, Táyé dúró dí mi lọ́nà. Ó ní Bàbá Adérónkẹ́, kí lẹ fẹ́ ṣe? Mo ní mo fẹ́ gún un nítan. Ó ní itan ìyàwó ta? Mo ní itan ìyàwó rẹ ni, láti orí aṣọ, n kò ní ṣí nǹkan kan. Ó ní kí a jẹ́ kí òun ránṣẹ́ sí ìyá òun ní Ìsarà ná. Mo ní Táyé, òkú ni ìyá rẹ yóò bá. N kò mọ̀ pé mo lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ. Ó yà fún mi.

Ìgò àkọ́kọ́ fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó gé mi ní àtàǹpàkò, oògùn dà sílẹ̀. Mẹ́ta péré ni wọ́n fún wa. Mo ṣẹ́ èkejì, mo fa oògùn dé ibi tí Nọ́ọ̀sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí, mo sì gún un. Itan ènìyàn kò jọ ọsàn rárá, Adérónkẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tún sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ìyá rẹ ti sáré lọ pe Afọláyan, wọ́n ní ó gbé èrò lọ sí Ìpẹ̀rú, ó ń bọ̀. Mo jókòó ti obì Ojúọlá, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti inú apẹ̀rẹ̀ kan sí èkejì. Táyé kúnlẹ̀, ó gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan. Mo ka ọgọ́rùn-ún, kò sí ìyàtọ̀. Mo ka igba, mo rò pé mímí rẹ̀ ti dúró. Mo ń kà lọ nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo ti ka igba ó lé ogójì nígbà tí ohùn kan jáde bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ó ní Bàbá Adérónkẹ́, ẹ ń da obì tí kòkòrò ti jẹ pọ̀ mọ́ èyí tó dáa. Ojúọlá ni. Táyé bú sẹ́kún, gìrìpá ọkùnrin yẹn. Mo ní kí Ojúọlá má bínú, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣà wọ́n sọ́tọ̀.

Afọláyan dé, ó gbé e lọ sí Ṣàgámù. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ méjì, Nọ́ọ̀sì ní nǹkan náà máa ń padà wá nígbà mìíràn, ó dáa bí a kò ṣe dúró lórí abẹ́rẹ́ nìkan. Ara Ojúọlá ti yá, ó ti padà sídìí obì rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mọ́tò lọ tán, mo tún jókòó, mo ń ṣa obì Ojúọlá lọ. Ìyá rẹ fi ṣíbí fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná bí ọmọ tuntun. Afọláyan náà, nígbà tó ti Ṣàgámù dé, ó pa iná mọ́tò, ó jókòó sínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó pe orúkọ Lìádì lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ sílé rẹ̀.

Ní àná, àwọn ará Ìsarà méjì wá, wọ́n ní àwọn ń wá dókítà Òde. Mo ní kò sí dókítà níbí, Oyèbọ̀dé olóbì ló ń gbé ibí. Wọ́n ní òun náà ni àwọn ń wá, kí ó wá sọ fún àwọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Ìgò kan ló kù lọ́wọ́ wa, Nọ́ọ̀sì sì ní kò sí òmíràn ní ọ́fíìsì wọn di ọdún tuntun. Ó ti kọ orúkọ oògùn náà sínú ìwé tí mo fi sínú àpò lẹ́tà yìí, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Jọ̀wọ́, mú un lọ sí ilé oògùn ńlá tó wà lọ́dọ̀ yín, kí o ra mẹ́rin, kí Afọláyan wá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Owó aṣọ Kérésì tí o ń tọ́jú fún mi, òun ni kí o fi rà á, aṣọ mi ṣì dáa. Bí ó bá ṣẹ́kù, fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, ó ní kẹrosíìnì ti wọ́n. Bí kò bá tó mẹ́rin, ra méjì. Bí kò bá tó méjì, Àjọkẹ́, yá kún un, n kò tíì bẹ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Olúwa yóò dá ọ sí fún wa. Ibikíbi tí nǹkan bá ti ká ọ mọ́ láyé yìí, ẹni tó mọ ohun tí yóò ṣe yóò wà nítòsí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní gbọ̀n.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèbọ̀dé.