Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Ìyá Kan

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024
Leah, ìyàwó ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ẹnu tèmi ni. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn líle ní ọsibítù kan ní Àkúrẹ́ lónìí. Wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà wọn — Mú-Ẹ̀jẹ̀-Wá ni mo sọ ọ́ — ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n tún fà á, kí wọ́n fi wò ó bóyá ara mi ti kọ́ bí a ṣe ń bá àrùn náà jà. Torí Màmá Bímbọ́lá ni mo ṣe gbà. Ọ̀fìnkìn yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó mi lọ́dún tó kọjá. Àyà rẹ̀ kò le mọ́. Ọ̀dọ̀ Bímbọ́lá ọmọ wa ló wà ní Oǹdó. Bímbọ́lá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní n kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá òun àfi tí èsì ẹ̀jẹ̀ mi bá dára. Ọmọ tí mo bí!

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹwàá
Òjò. Ọ̀fìnkìn ti dá Adélaní àbúrò mi dùbúlẹ̀. Mo ní kó wá gba abẹ́rẹ́ nígbà yẹn, ó ní òun kò ráyè. Èmi nìkan ni mò ń ṣán oko Oda.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá
Ẹsẹ̀ mi wú. N kò lè gun ọ̀kadà. Ara Adélaní ti yá. Ó ní kí n mú káàdì ọsibítù mi wá, òun á lọ bá mi na apá kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ọmú kan náà la mu." Òótọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ó ti mú káàdì náà lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kọkànlá
Kò sí èsì. Wọ́n ní kò síná, kò sí epo jẹnẹrétọ̀. Ìyà kí lèyí?

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kọkànlá
Mú-Ẹ̀jẹ̀-Wá pè sórí fóònù Leah. Èsì dára! Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé arúgbó ló ni irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Arúgbó ni bàbá rẹ̀. Ó di Oǹdó lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kọkànlá
Owó ọkọ̀ ti di owó ewúrẹ́. Èmi àti Leah dé Oǹdó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin Adélaní pé ó bá mi na apá. Ẹnu mi ló kó bá mi. Bímbọ́lá dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní ọ̀fìnkìn tó ṣe Adélaní ló kọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níjà; ti èmi, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Mo ní ọmọ ìyá kan ni wá. Ó ní, "Bàbá, ṣé tí Bàbá kékeré bá jẹun, ẹ̀yin lẹ máa ń yó?"

Mo fi ìbínú gbé àga sétí fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀ níta, mo jókòó. Màmá Bímbọ́lá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Bímbọ́lá, ẹ̀jẹ̀ àbúrò yín ló yege. Ẹ ní kó máa bọ̀ wá wọlé." Ẹ̀rín yẹn ló di ikọ́. Ikọ́ náà kò dá bọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ títí.

Èmi fúnra mi ni mo gbé àga mi kúrò létí fèrèsé.