Káàdì Tí Doudou Ń Kà

Cuiyun ọmọ mi,

Báwo ni Dongguan? Bá wa kí ọkọ rẹ, kí o sì kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bàtà. Orúnkún ìyá rẹ ti ń sàn díẹ̀, àmọ́ kò gbà kí n bá òun sá ata. Owó tí o fi ránṣẹ́ dé. A ti fi ra oògùn rẹ̀ àti mílíìkì ọmọ.

Káàdì ìwé kíkà tí o fi ránṣẹ́ náà dé. Doudou ọmọ rẹ, ọmọ ọdún méjì, ti ń so "b" mọ́ "a"! Ó ń pariwo "ba" mọ́ ewúrẹ́ bíi tíṣà. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Cuiyun, ewúrẹ́ yìí máa mọ̀wé jù ọ́ lọ."

Lánàá, ó to káàdì, ó kà á ketekete: "Mama." Inú mi dùn. Mo ní, "Ta ni Mama?" Ó sáré gbé fóònù mi wá. "Mama rè é!"

Ìyá rẹ bọ́ síta. Ó ní ata ló ta sí òun lójú.

Jọ̀ọ́, wọ ọkọ̀ ojú irin wálé lọ́dún tuntun. Ọ̀nà á là fún ọ. Má fi káàdì ránṣẹ́ mọ́. Káàdì ti pé lọ́wọ́ ọmọ rẹ. Ìwọ ló kù.

Bàbá rẹ