Mi Ò Ní Bẹ̀bẹ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Pẹ́ẹ̀gì

Ọmọ mi, àkọ́bí inú mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Bí o bá bi mí, ara èmi náà le, àfi orúnkún òsì tó ń ṣe bó ṣe wù ú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àárẹ̀ ìlú ńlá yẹn mú ọ débi tí o ò ní lè ka lẹ́tà yìí tán, nítorí mo fẹ́ kí o kà á tán. Mo mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé ti pè ọ́ lórí fóònù láti fi ẹjọ́ mi sùn. Gbọ́ tẹnu mi náà. Mo ti sọ fún wọn, màá sì tún sọ fún ìwọ tí mo bí: mi ò ní bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí Kékeré, ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, bọ́ sí kíláàsì tuntun, mo rò pé ìwé gidi ni wọ́n máa kà níbẹ̀. Mo bi í pé kí ni tíṣà kọ́ wọn, ó ní bí inú ṣe ń bí ẹṣin ni. Ó ní ẹṣin inú ìwé àwòrán ni, pé wọ́n gba garawa rẹ̀, inú bí i, ó wá mí kanlẹ̀, ó tún mí kanlẹ̀, inú rẹ̀ sì rọ̀. Mo ní ṣé wọ́n dá garawa náà padà? Ó ní ìwé ò sọ. Irú ìwé wo nìyẹn? Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn níbí, bí ẹnikẹ́ni bá gba garawa mi, èmi kì í dúró mí o, ńṣe ni mo máa ń lọ gbà á.

Èyí tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni pátákó kan tí tíṣà gbé kọ́ sára ògiri. Ó ya ojú èèyàn sí i: èyí tó ń rẹ́rìn-ín, èyí tó ń bínú, èyí tí ẹ̀rù ń bà, àti èyí tó ń sunkún. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, irú èyí tí mo fi ń mú aṣọ lórí okùn gan-an. Bí wọ́n bá wọlé láàárọ̀, kálukú á há tiẹ̀ sábẹ́ ojú tó bá bí nǹkan ṣe rí nínú rẹ̀ mu.

Kékeré gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ sílé lọ́jọ́ kan, mo gbé e lọ fún un. Àwọn ọmọ ń ṣeré níta, kíláàsì ṣófo, mo bá wo pátákó, kí ni mo rí? Pẹ́ẹ̀gì Kékeré lábẹ́ ẹni tó ń sunkún! Ara mi gbóná. Ọmọ tó jẹun yó kúrò nílé mi, ọmọ tí mo lọ aṣọ rẹ̀ tí kò hunjọ níbì kankan. Gbogbo òbí tó bá wọlé síbẹ̀ ló máa kà á. Mo sì mọ̀ pé ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ́ sára ògiri nílé ìjọba, ó ti di òfin nìyẹn. Mo mú un, mo há a sábẹ́ ẹlẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti fẹ́ jáde ni mo ti rí ti ọmọ-ọmọ káfíńtà lábẹ́ ìbínú, àti ti ọmọ nọ́ọ̀sì lábẹ́ ẹ̀rù. Àánú àwọn òbí wọn ṣe mí. Mo ní kò dáa kí n bo àṣírí tèmi nìkan. Mo kó gbogbo ẹ̀ pátá sábẹ́ ẹlẹ́rìn-ín, mo tò wọ́n dáadáa, mo bá tèmi lọ.

Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè mí sílé ìwé nìyẹn. Tíṣà ní òun ò mọ̀ mọ́ pé inú ń bí ọmọ-ọmọ káfíńtà, òun wá fi í jókòó ti ẹni tí wọ́n jọ jà, wọ́n sì tún wọ̀yá ìjà. Mo ní ṣé kò lójú ni, àbí pẹ́ẹ̀gì ló fi ń mọ ọmọ tó bá ń bínú? Ọ̀gá wọn ní kí n tọrọ àforíjì. Mo ní kí ni mo ṣe, ṣé torí pé mo fẹ́ kí ọmọ rẹ́rìn-ín? Mi ò tọrọ ẹ̀.

Tíṣà ò tiẹ̀ bínú. Ó ní kí n jókòó, kí n wo bí àwọn ṣe ń ka ìwé àwòrán. Ó gbé àga kékeré kan fún mi, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Ìwé náà dá lórí ọmọ ràkúnmí kan tí ìyá rẹ̀ lọ wá omi níbi tó jìnnà. Tíṣà ṣí àwòrán kan, ó ní kí làwọn ọmọ rò pé ó wà nínú ọmọ ràkúnmí yìí. Mo fẹ́ sọ pé koríko, ṣùgbọ́n Kékeré ti nawọ́. Ó ní ebi ò pa á, ara rẹ̀ yá, ìyá àgbà rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ló ń wò. Ó ní bí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù tó ń gbé ojú èèyàn jáde, ojú ìyá náà á kàn dúró gbagidi, ẹnu á là sílẹ̀, kò ní mì mọ́. Ó ní òun ti wá irú ojú bẹ́ẹ̀ lórí pátákó tíṣà, òun ò rí i.

Ọmọ mi, mo yẹ ìwé yẹn wò tinú-tẹ̀yìn. Kò sí fóònù níbẹ̀. Èmi ti máa ń sọ fún un pé ńṣe lo mọ̀ọ́mọ̀ dúró jẹ́ẹ́ kí a lè rí ọ dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ló ti ń há a sábẹ́ ẹlẹ́rìn-ín lójoojúmọ́ nítorí tèmi. Mo dìde tòun ti àga, torí ó ti há mọ́ mi nídìí, mo sì fọwọ́ ara mi dá pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà sábẹ́ ẹni tó ń sunkún. Mo wá yọ ọ̀kan nínú àwọn pẹ́ẹ̀gì tó wà létí aṣọ iṣẹ́ mi, mo há a sábẹ́ ìbínú. Tíṣà ní ṣé kí òun kọ orúkọ mi sí i. Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ọṣẹ ti tán, okùn tí mo fi ń sá aṣọ ti já, mo fẹ́ owó. Ṣùgbọ́n má fi í sí báǹkì, torí akọ̀wé ibẹ̀ ní inú fóònù mi ni èyí tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí wà, mo tú ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá. Fi owó náà wọkọ̀ wá. Má sọ fún mi pé iṣẹ́ ò jẹ́. Eyín iwájú Kékeré ti yọ, òmíràn ti hù síbẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ lo ṣì ń wí. Tíṣà ti gbà kí ìwọ náà wá jókòó sórí àga kékeré yẹn. Ìwọ lo máa fọwọ́ ara rẹ ṣí pẹ́ẹ̀gì méjèèjì, mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Kí Ọlọ́run la ọ̀nà fún ọ. Kí ọkọ̀ tí o bá wọ̀ gbé ọ délé láyọ̀, kí ọmọ rẹ rí ojú rẹ níbi tó ti ń mì.

Èmi ni ìyá rẹ, tí pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìbínú.