Ewú Orí Táyé

Ọjà'ba, Ìbàdàn,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 1994.

Olúdayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó kò mú ọ jù? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi dàrú.

Kúbúrá, ìyàwó tuntun tó wọ ilé kejì sí wa, ló dá wàhálà sílẹ̀ láìmọ̀. Ó bá Táyé ìkejì mi lẹ́nu ọ̀nà mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kúulé o, Mà. Ọmọ yín tó ń ta òwú dà?" Èmi ni ọmọ o! Èmi Kẹ́hìndé tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n Táyé! Nígbà ọmọge wa, ta ló mọ̀ wá yàtọ̀? Ní báyìí, ewú ti bo orí Táyé, tèmi ò ní ẹyọ kan. Mo bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ Táyé ò rín.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé èmi ni mo gba ìgbà èwe òun lò. Àjẹ́ ló ń pè mí yẹn! Mo se ẹ̀wà ìbejì wa, èyí tí a kì í dá jẹ láti kékeré, mo gbé e lọ bá a nílé rẹ̀ ní Pópó Yemọja. Kò tọ́ ọ wò.

Mo wá ka lẹ́tà tí o kọ nípa iṣẹ́ ìwádìí rẹ sí i létí. O ní ohun tí a bí mọ́ èèyàn dà bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ara, pé tèmi àti ti Táyé kò yàtọ̀. O ní bó ṣe wé jọ ló ń sọ èyí tí ara yóò lò àti èyí tí yóò pa tì, pé bí a ṣe ń dàgbà ni wíwé náà ń yí padà, tí ìbejì fi ń yàtọ̀ síra. O ní ó ṣeé ṣe kí ìbànújẹ́ wà lára ohun tó ń fà á, pé ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Háà! Èmi tí mo ń ta òwú láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òwú wá rú mi lójú. Èyí tó bá ta kókó lọ́wọ́ mi, mo máa ń tú u, màá tún un wé. Ṣé ti inú ara náà ṣeé tún wé?

Ọmọ mẹ́ta ni Táyé sin, ìwọ náà mọ̀. Ó ní, "Á jẹ́ pé kì í ṣe ìwọ. Ìbànújẹ́ ni." Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo sún ẹ̀wà mọ́ ọn. Ló bá tẹjú mọ́ mi: "Kẹ́hìndé, bí òwú wa bá jẹ́ ọ̀kan, ṣé o ò bá mi sunkún àwọn ọmọ mi rárá ni?"

Mo sunkún wọn o, Olúdayọ̀! Mo sunkún títí ojú mi wú. Ṣùgbọ́n níṣe ni mo gbé ẹ̀wà mi padà sílé. Jọ̀ọ́, kọ ohun tí màá sọ fún un ránṣẹ́.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fojú sunkún ọmọ. Iṣẹ́ tí o lọ ṣe lọ́hùn-ún yóò yọrí sí rere, wàá sì padà wá bá èmi àti Táyé láyé.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Kẹ́hìndé.

Àfikún: Bí mo ṣe ń ya irun mi láàárọ̀ yìí, mo rí ewú kan níwájú orí. Inú mi dùn, mi ò mọ̀dí rẹ̀, mo sáré lọ fi han Táyé. Ó fọwọ́ kàn án, ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní kí n lọ gbé ẹ̀wà wá.