Káàdì Tí Mo Kéde ní Alékùwodò

Ìkejì-Arákejì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Fọláránmi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ìjọba ń lọ dáadáa? Ọlọ́run tí ó gbà ọ́ lọ́wọ́ ibà nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní fi ọ́ sílẹ̀, o kò ní rí ìbínú ọ̀gá, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ní Òṣogbo, ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Àmín. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń jẹun alẹ́. Mo sọ fún un pé òṣìṣẹ́ ìjọba kì í gbàgbé oúnjẹ.

Ilé dára. Kòkó gbówó lórí lọ́dún yìí débi pé àwọn olè náà ti di àgbẹ̀, wọ́n ń ká èyí tí wọn kò gbìn. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà mi lọ ní abà, wọ́n fi táyà méjèèjì sílẹ̀ fún mi, bóyá àánú mi ló ṣe wọ́n. Fóònù tí o rà fún wa wà dáadáa, àmọ́ lójoojúmọ́ ló ń béèrè pé ṣé kí òun tún ara òun ṣe, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ pé rárá, kí ó má ṣe wàhálà, bó ṣe wà yẹn ti tó wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo máa ń pa á kí òun náà lè sinmi. Lẹ́tà ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí kọ nítorí ó gùn, bí a bá sì wà lórí fóònù, ìwọ lo máa ń sọ̀rọ̀ jù.

Mo wá sí Òṣogbo ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. N kò sọ fún ọ, mo fẹ́ kí o kàn rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ru iṣu mẹ́fà dé ilé rẹ ní Alékùwodò, bàbá onílé sì ní o ti kó jáde láti oṣù kẹta. Mo pè ọ́, mo bi ọ́ pé níbo lo wà. O ní Abúja ni, pé ọ̀gá rẹ mú ọ lọ sí ìpàdé, pé yàrá tí ẹ wà tutù bíi yìnyín, pé adìyẹ ni ẹ fi jẹun àárọ̀, pé ìjọba ti fún ọ ní ilé tuntun, pé kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé yín, pé akọ̀wé náà sì ti lọ síbi ìkómọ. Inú mi dùn. Mo sọ fún bàbá onílé pé Abúja ni ọmọ mi wà. Ó wò mí títí, ó ní kí n fi iṣu náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí n má baà máa rù ú kiri.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n tò níwájú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Alékùwodò níbẹ̀, wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù. Mo rò pé owó ìrànwọ́ fún àwọn arúgbó ni. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tiwalolúwa kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ṣé Bàbá náà fẹ́ forúkọ sílẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìrírí mi, mo kọ ọ́ pé àádọ́ta ọdún nídìí kòkó, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe akápò ìjọ. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni owó fọ́ọ̀mù. Kò yà mí lẹ́nu, mo mọ̀ pé kí ìjọba tó fún ènìyàn lówó, ó ní láti kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Mo san án nínú owó tí ìyá rẹ fún mi láti fi ra ògùn kòkó.

Wọ́n fún mi ní àwọn rọ̀bà pẹlẹbẹ róbótó, mo rò pé tálì ni, bíi ti báńkì, mo sì jókòó kí wọ́n pe nọ́ńbà mi. Káàdì ni wọ́n pín fún mi. Tiwalolúwa ní ìdíje póòkà ni, pé tálì wọ̀nyẹn la ó máa fi ta á, pé ẹni tí tálì rẹ̀ bá tán ti jáde, àti pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni yóò gun ọ̀kadà tuntun tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ sílé. Fọláránmi, nígbà tí mo rí ọ̀kadà yẹn, n kò béèrè owó arúgbó mọ́. Ó fún mi ní ìwé tí wọ́n ya káàdì sí, èyí tó ju èyí. Káàdì méjì ní ọwọ́ rẹ, márùn-ún ní àárín tábìlì, kí o máa wá èyí tó jọra. Kò le tó kí a máa ṣa kòkó tó ti bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dára.

Àwọn tí a jọ jókòó ṣe mí láàánú. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kan. Ọ̀kan di etí rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan fa fìlà bojú, èyí tó ń jẹ́ Mukhtar sì wọ jígí dúdú nínú ilé. Mo sọ fún un pé dókítà ojú kan wà ní Iléṣà, kí ó tètè lọ kí ó tó ràn mọ́ ojú kejì.

O mọ bí a ṣe ń ta wọ́ọ̀tì lábẹ́ igi obì wa níbí. Ẹni tí ó bá ku káàdì kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò kéde, a ó ní kí ó fa méjì. Nítorí náà, nígbà tí mo rí káàdì ọba méjì lọ́wọ́ mi, tí ìwé yẹn sì fi wọ́n sókè, mo dìde, mo kéde. Mo ní ọba méjì ló wà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n má fi tálì wọn ṣòfò. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mukhtar ní irọ́ ni, ó ti gbogbo tálì rẹ̀ sí àárín. A ṣí i, ọba méjì ni. Ó bọ́ jígí rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́ kedere, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Bí mo bá ní, mo ń sọ pé mo ní. Bí n kò bá ní, mo ń sọ pé n kò ní, mo sì ń da káàdì mi dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìde tìbínú tìbínú, wọ́n ní ògbólógbòó ni bàbá yìí. Ẹni tó di etí ní ó ti pé ọdún méjì tí òun ti ń ta á lórí fóònù, òun kò rí irú ọgbọ́n yìí rí. Mo bi í pé ọgbọ́n wo, ó ní ọgbọ́n náà gan-an nìyẹn. Ọmọ mi, ìlú yín ti dé ibi tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́, kí ó ṣáà ti sọ òótọ́ rẹ̀.

Ó wá ku èmi àti Julianah, olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀sà-Òkè. Nígbà tó dé tábìlì mi, òun nìkan nínú àwọn tó ń ta á ló kúnlẹ̀ kí mi, ohùn Ìjẹ̀ṣà wa ló sì fi kí mi. Èyí ló kó bá mi, nítorí ó gbà mí gbọ́. Bí mo bá ní mo ní, á da káàdì rẹ̀ dé. Bí mo bá ní n kò ní, á kó tálì tó wà nílẹ̀. Tálì mi ń tán lọ. Mo wo ọ̀kadà, mo rántí gbogbo kòkó tí mo ń fi orí rù, mo sì parọ́. Méjì àti méje ló wà lọ́wọ́ mi, èyí tó burú jù nínú ìwé yẹn. Mo dìde, mo ní ọba méjì tún ni, pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, pé bí bàbá mi tó ti kú bá wà láyé ẹnu á yà á, pé irùngbọ̀n ọ̀kan nínú àwọn ọba náà tilẹ̀ dára púpọ̀. Mo ti gbogbo tálì mi sí àárín. Julianah wò mí, ó ní òun ń bá mi lọ. A ṣí i. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Ó bu omi fún mi. Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní nígbà tí mo ń sọ òótọ́, gbólóhùn kan péré ni mo ń lò, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo jí bàbá mi dìde láti inú sàréè. Agboòrùn kan àti fáníìlà ni wọ́n fún mi, mo sì wọ mọ́tò Iléṣà.

Inú mọ́tò yẹn ni Abúja rẹ ti padà wá sí mi lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi ọ́, Fọláránmi. O fún mi ní ọ̀gá, o fún mi ní òtútù, o fún mi ní adìyẹ àti ilé àti kọ́kọ́rọ́ àti ìkómọ. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe nítorí irọ́, bí kò ṣe nítorí pé láti oṣù kẹta, ìwọ nìkan lo ti ń dá gbé ẹrù yìí.

Ìyá rẹ ń béèrè owó ògùn kòkó. Mo ti kọ ọ́ síbí pé kí o fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ránṣẹ́, mo sì ti fi bírò pa á rẹ́, bí o ṣe rí i yìí. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Èyí tí o ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, bó bá jẹ́ pé ebi lo fi ń pa ara rẹ kí o tó rí i rán, dá a dúró. Kọ́ládé ọ̀rẹ́ rẹ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. N kò bi í níbi tí yóò ti rí ọ, nítorí kò mọ irọ́ pa, n kò sì fẹ́ fi ìyà jẹ ẹ́.

Mo ti jẹ́wọ́ fún ọ pé èmi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mo parọ́ nítorí ọ̀kadà. Tèmi ti wà ní ṣíṣí nílẹ̀, ó ku tìrẹ. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́, máa bọ̀ nílé. Ìyá rẹ gbá yàrá rẹ lánàá, ó tẹ́ ẹní tuntun síbẹ̀. Kò sọ ìdí, èmi náà kò sì béèrè.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà tó ti dí fún ọ, yóò tan ìmọ́lẹ̀ síbi tí o fara pamọ́ sí, àárẹ̀ kò ní mú ọ kí o tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Amos Ògúnjìnmí.

Mo gbàgbé: iṣu mẹ́fà yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ bàbá onílé. Lọ gbà á lónìí, kí o jẹun alẹ́.