Má Ra Pupa Yẹn

Ilé wa, Aládé-Ìdànrè,
Ọjọ́rú.

Olúwadùnsìn ọmọ mi, Àjíkẹ́ ọmọ Fọláyan,

Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, fún un lómi mu kí o tó kà á, dẹ́rẹ́bà ni, ọmọlúàbí sì ni. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń sùn, o ń jí? Ṣé ẹ ń rí iná lò? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ejò inú oko rí ẹsẹ̀ wa. Ire tó jìnnà sí ọ yóò sún mọ́ ọ, ibi tó sún mọ́ ọ yóò jìnnà, ọ̀rọ̀ rẹ kò ní í rùn létí ọ̀gá rẹ, ilẹ̀ Ìbàdàn kò ní í yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, pàápàá jù lọ títì ọlọ́dà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Wàá rí ìdí tí mo fi gba àdúrà tó kẹ́yìn yẹn láìpẹ́.

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, má ra alùpùpù pupa yẹn. Bí o bá ń kánjú, o lè pa ìwé yìí dé síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà, jókòó, kí n ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé èmi yìí kan náà ni mo ní kí o rà á.

Ìyá rẹ kí ọ. Àpọ́sítélì Ọ̀ṣúndé kí ọ, gbogbo ìjọ kí ọ. Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀ níbí, kòkó ń gbẹ dáadáa. Ewúrẹ́ ìyá rẹ, èyí tó máa ń jẹ aṣọ orí okùn, ti bí méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń wo àmùrè sùtánà mi pẹ̀lú ìfẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó dáyé.

Ó yá, ọ̀rọ̀ alùpùpù. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pupa kan, búlúù kan, o ní alùpùpù eré ìje ni méjèèjì, pé oṣù mẹ́ta rèé tí o ti ń kọ́ gígùn rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gun alùpùpù, pé owó tí o ń tọ́jú ti pé, pé ẹni tó ń tà wọ́n máa bá ọ fi méjèèjì sílẹ̀ títí di Sátidé tó ń bọ̀ yìí, àti pé èmi tí mo ti gun alùpùpù fún ọgbọ̀n ọdún ni kí n bá ọ yan ọ̀kan. Dùnsìn, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹ iyán mi tán. Ọmọ tó kàwé tó báyẹn, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì tí eésì ń fẹ́ sí, ó ṣì rántí bi bàbá rẹ̀ léèrè! Mo fi àwòrán náà han gbogbo àdúgbò, títí kan àwọn tí kò bi mí.

Mo kọ́kọ́ rò pé o fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́ ni. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kó má sunkún, pé kò sí iṣẹ́ tó ní ẹ̀gàn, pé bóyá owó oṣù ni kò tó tí o fi fẹ́ máa gbé èrò láàárọ̀ kí ọ́fíìsì tó ṣí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ bóyá ẹgbẹ́ yẹn ti fún ọ ní ẹ̀wù onínọ́ńbà, àti bóyá ẹ ń já tíkẹ́ẹ̀tì. O dá mi lóhùn pé rárá, pé ẹ kì í gbé èrò, pé ẹ kàn máa ń gùn ún lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó jẹun, ẹ ó sì padà. Mo bi ọ́ pé ta lẹ lọ kí n'Ìsẹ́yìn, o ní ẹ ò lọ kí ẹnikẹ́ni. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. A ṣì ń fi í sínú àdúrà.

Yíyàn ló wá kù. Lábẹ́ pupa, o kọ ẹgbẹ̀ta, lábẹ́ búlúù, o kọ ọ̀ọ́dúnrún, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré méjì lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń ṣe kòkó jẹun tó máa rí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lára alùpùpù tí kò ní mọ̀ pé kílò ni. Síbẹ̀ abèèrè kì í ṣìnà, mo pe Fẹ́yìsetán ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa, torí òun ló ni òṣùwọ̀n. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó wò ó títí, ó ní kílò ni. A bá jókòó ṣírò rẹ̀. Àpò kòkó kan jẹ́ kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, nítorí náà pupa á gbé àpò mẹ́sàn-án, búlúù á gbé mẹ́rin, ìkarùn-ún á dá a dúró. Fẹ́yìsetán ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé òun ò rí ibi tí wọ́n máa so àpò mẹ́sàn-án mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní àwọn tó ṣe é ló mọ ibi tí wọ́n fi í sí. Bí mo ṣe ránṣẹ́ sí ọ nìyẹn pé pupa ni, kí o má fowó ra ọ̀lẹ. O kọ̀wé padà pé ohun tó wà lọ́kàn tìrẹ náà nìyẹn, o sì fi ojú ẹ̀rín mẹ́fà tẹ̀ lé e.

Mo ní ọmọ mi kò ní gun ohun tí a ò yà sí mímọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo ṣí àwòrán pupa, mo gbé e síwájú Àpọ́sítélì. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi ìka wọ́n omi díẹ̀ sí i, wọ́n ní ó tó. Èmi ni mo wò ó tí mo rí i pé táyà iwájú nìkan ni omi kàn. Mo ní Bàbá Àpọ́sítélì, ti ẹ̀yìn ńkọ́? Wọ́n ní Ọlọ́run mọ ti ẹ̀yìn. Mi ò gbà. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti alùpùpù lọ, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn, mo da omi sí táyà ẹ̀yìn dáadáa. Àwòrán náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú, fóònù náà sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá rẹ ní Ọlọ́run ti dáhùn.

Àwọn kan ní kí n sin ín sínú ìrẹsì. Ìrẹsì tó wọ́n bí ojú! Ta ló tún mọ nǹkan sá ju àwa lọ? Mo sá a sórí ẹní pẹ̀lú kòkó, mo ń yí i bí mo ṣe ń yí kòkó, bí òjò bá ti ṣú báyìí mo kó gbogbo wọn wọlé. Nígbà tó di àná, kòkó ti ń dún ṣaṣa bí a bá bù ú lọ́wọ́. Fóònù ò tíì dún.

Mo bá gbé e lọ bá Toheeb, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní ìkóríta, torí mo rò pé ẹni tó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lè tú fóònù. Ó ní iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn. Níbi tí mo dúró sí, mo fi yangàn fún un pé ọmọ mi obìnrin fẹ́ ra alùpùpù tó ń gbé ẹgbẹ̀ta kílò. Toheeb rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá ní kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Mo ní gíláàsì wà níwájú rẹ̀, ìdí rẹ̀ ga sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Toheeb. Ó ní Bàbá, kì í ṣe kílò o. Ó ní bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ń kà á, pé ọ̀kadà tèmi tó wà níta yẹn, ọgọ́rùn-ún ni, pé pupa yẹn dà bí ìgbà tí wọ́n so irú tèmi mẹ́fà pọ̀ tí wọ́n wá gbé ọmọbìnrin kan ṣoṣo lé wọn lórí. Ó bi mí pé láti ìgbà wo lo ti ń gun alùpùpù. Mo ní oṣù mẹ́ta. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó ní bí o bá yí ọwọ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń yí tèmi láti gun òkè lọ sóko, ó ti fò lọ kí ojú rẹ tó mọ̀, táyà iwájú á sì gbéra nílẹ̀. Ó ní kí n tètè bá ọ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù bà mí, Dùnsìn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹnu ara mi ni mo fi rán ọmọ mi lọ gun ìjì.

Mo ní kí Toheeb pè ọ́ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà rẹ dà? Inú fóònù ló wà. Ó yọ síìmù mi sínú fóònù tirẹ̀, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀, ó ní ikùn fóònù gan-an ni mo kó gbogbo yín sí. A jókòó títí di ìrọ̀lẹ́ bóyá wàá pè, o ò pè. Ó ní kí n fi síìmù náà sílẹ̀ dàárọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo ní rárá o, owó mi tó wà ní báńkì ńkọ́, tó wà nínú rẹ̀? Mo gbà á, mo dì í sínú aṣọ funfun, mo fi sáàárín Bíbélì. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ayé ìgbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, dẹ́rẹ́bà yóò sì gbéra láàárọ̀ ọ̀la.

Mi ò sì fẹ́ kí o sọ pé mo kàn gbọ́ èrò ẹlòmíràn ni. Mo ní kí Toheeb fi bí wọ́n ṣe ń jókòó lé irú rẹ̀ hàn mí. Ó ní kí n gun ọ̀kadà mi, kí n gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn sí ibi tí èrò máa ń gbé ẹsẹ̀ lé, kí n wá dọ̀bálẹ̀ lé táǹkì epo. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìbàdí mi há síbẹ̀! Èèyàn mẹ́ta ló gbé mi sọ̀, mo ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé mi, tí ìyá àgbà kan tó ń kọjá lọ fi ń sọ pé kí n dìde, ó ti tó, òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Òrí ni ìyá rẹ fi ń ra ìbàdí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Nítorí náà, búlúù ni. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó, ṣùgbọ́n tèmi yìí, mo ń kó o, kódà kí ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé o rántí ọdún tí o kọ́kọ́ bá mi lọ sí oko Atosin? Ọ̀pá gígùn tó ní ọ̀bẹ lẹ́nu, tí a fi ń gé kòkó orí igi, lo fẹ́ gbà. O sunkún, o da ẹsẹ̀ nílẹ̀, mi ò fún ọ. Àdá kékeré ni mo fún ọ pé kí o máa fi gé èyí tí ọwọ́ rẹ tó, torí ẹni tí kò tíì mọ ibi tí kòkó máa já sí, orí rẹ̀ ló máa já lé. Ọdún kẹta lo gba ọ̀pá, lọ́jọ́ náà o gé ju àwọn alágbàṣe lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Toheeb ní kí o tó sanwó búlúù pàápàá, kí o jókòó lé e, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìka nìkan, kí o tì í lọ tì í bọ̀ láì tan án, kí o sì bèèrè bóyá bíréèkì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há nínú òjò. Ó ní akoto tó bo orí dé àgbọ̀n ni kí o rà, àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Mo bi Àpọ́sítélì, wọ́n ní kí o ká sùtánà sínú báàgì, kí o wọ̀ ọ́ nígbà tí o bá dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá rẹ ò fẹ́ pupa, kò fẹ́ búlúù. Ó ń gbààwẹ̀ kí iye rẹ̀ lọ sókè, èmi náà ń gbààwẹ̀ kí ó wálẹ̀, nítorí náà bí o bá rí i pé ó dúró sójú kan, má wulẹ̀ wádìí, àwa ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ó bi mí bóyá búlúù ní àyè lẹ́yìn fún ẹni tó bá ró ìró. Mo kàn ń wo òkè.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Bí ìwé yìí bá bá ọ kí o tó sanwó, tí o sì ra búlúù, fún dẹ́rẹ́bà lówó fóònù kí n lè rí àwòrán rẹ̀ lórí rẹ̀. Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ọwọ́ rẹ yóò mọ ìwọ̀n, ìròyìn rẹ tí yóò máa kàn wá nílé, ti ayọ̀ ni.

Bí ó bá sì jẹ́ pé o ti ra pupa kí ìwé yìí tó dé, owó ọkọ̀ ni kí o fi rán an. Má tijú, mi ò ní bínú, èmi ni mo ní kí o rà á. Ṣáà má gùn ún. Tì í sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí o dúró dè mí. Màá wá sí Ìbàdàn, màá gun orí rẹ̀, màá jókòó. Ibẹ̀ ni màá ti máa jẹun, ibẹ̀ ni màá ti máa kí àwọn aládùúgbò rẹ, mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ títí ẹni tó tà á yóò fi wá gbé e lọ. Ìyá rẹ ní kòkó tí mo sá ńkọ́, pé òjò lè pa á. Mo ní kí òjò pa á. Bí kòkó bá bàjẹ́, òmíràn á so lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwọ ńkọ́, Dùnsìn, orí igi wo ni mo ti fẹ́ ká òmíràn?

Èmi ni bàbá rẹ,
Fọláyan.